Ta Ló Fi Owó Yìí Ránṣẹ́? Bí Mo Ṣe Ń Tú Tíránsífà Wò Lórí Statement

Jímọ̀ kan báyìí, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, a ti ń palẹ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Dei-Dei, l'Ábújá, ni Alhaji kan bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ní òun wá kó rọ́ọ̀dù òun. Rọ́ọ̀dù wo? Ó ní òun ti fi 85,000 náírà ránṣẹ́ láti Túsìdeè, "wallahi na tura, Hajiya, na tura." Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fóònù, wọ́n rí 85,000 lóòótọ́, àmọ́ mẹ́ta ni wọ́n rí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sí orúkọ Alhaji lára ìkankan. Ọ̀kan jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tá ò gbọ́ rí, ọ̀kan jẹ́ Musa, ìkẹta ò tiẹ̀ ní orúkọ, nọ́ńbà gbọọrọ kan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi. Èmi ni mò ń bá wọn tọ́jú ìwé owó, èmi náà sì tún ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kubwa, torí náà irú wàhálà yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá mi. Ọ̀rọ̀ Alhaji ṣì ń bọ̀ o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ń ṣe é, torí àwọn èèyàn ti ń bi mí tipẹ́.

Ẹ yé fi orúkọ wá owó. Mo mọ̀ pé òun lojú máa ń kọ́kọ́ lọ bá, àmọ́ níbi tá a wà yìí orúkọ ò lè ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Musa mélòó lẹ ní nínú kọ́sítọ́mà yín? Ibrahim ńkọ́? Ẹ tún wá wò ó, ẹni tó ra ọjà kọ́ ló máa ń fi owó ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Alhaji á ní kí dírẹ́bà òun bá òun fi ránṣẹ́, dírẹ́bà á gbé káàṣì lọ bá oní POS lójú ọ̀nà Zuba, oní POS á fi ránṣẹ́ látinú àkáǹtì tiẹ̀, orúkọ oní POS ló máa jáde lórí alẹ́ẹ̀tì yín. Tí bíríkìlà tó ń kọ́lé fún ọ̀gá kan ní Gwarinpa bá wá ra sìmẹ́ǹtì, ó lè jẹ́ orúkọ ọ̀gá lẹ máa rí, ó lè jẹ́ ti ìyàwó ọ̀gá, ó lè jẹ́ ti kọ́ńpìnì, orúkọ bíríkìlà tẹ́ ẹ mọ̀ lójú yẹn nìkan ni ò ní jáde.

Mo ti jìyà ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, 120,000 wọlé pẹ̀lú orúkọ Ibrahim, mo sì rántí pé Ibrahim kan jẹ wá ní 120,000 gééré, kíá mo ti fi bíírò pa gbèsè ẹ̀ rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni Ibrahim míì dé tó ní òun ló sanwó, ó sì ní rìsíìtì lọ́wọ́, ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Ká wá padà lọ bá Ibrahim àkọ́kọ́, ọkùnrin yẹn ní ṣebí a ti sọ fún òun pé òun ò jẹ nǹkan kan mọ́. Oṣù mẹ́ta la fi gba owó yẹn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Látọjọ́ yẹn, orúkọ ni ohun tí mo máa ń wò kẹ́yìn.

Alẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe owó. Ẹnikẹ́ni lè kọ tẹ́ẹ̀sì kó jọ ti báǹkì, rìsíìtì orí fóònù náà, wọ́n ń ṣe ayédèrú ẹ̀ bí ẹní ń ṣe búrẹ́dì. Owó tó wọlé ni èyí tó wà lórí statement, ìyẹn ìwé tí báǹkì to gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí, tó sì ti mú kí báláǹsì yín gòkè, kò tún sí òmíì. Torí náà ẹ wọ inú app báǹkì yín, ẹ gba statement ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́, tí wọ́n bá fún yín láǹfààní láti gbà á bí Excel, ẹ gba ti Excel ká lè ríbi kọ nǹkan sí, kẹ́ ẹ sì tún gba ti PDF kẹ́ ẹ fi pa mọ́ láì fọwọ́ kàn án. Ti PDF yẹn ni ẹlẹ́rìí yín tí ìjà bá dé.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́, iye owó, báláǹsì àti àwọn ọ̀rọ̀ játijàti kan tí wọ́n ń pè ní narration, ìyẹn àlàyé tí ẹni tó fi owó ránṣẹ́ tàbí báǹkì kọ sí i. Ọjọ́ yẹn lè jẹ́ méjì, ọjọ́ tí owó rìn àti ọjọ́ tí báǹkì kà á sí, ibẹ̀ sì ni wíkẹ́ńdì ti máa ń dààmú èèyàn. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé á wọlé lójú ẹsẹ̀, ẹ tiẹ̀ lè ti ná an, àmọ́ lórí statement àwọn báǹkì kan, Mọ́ńdè ló máa jókòó sí. Tí Mọ́ńdè yẹn bá wá bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù tuntun, ìwé yín á fi sí oṣù tó kọjá, báǹkì á fi sí oṣù tuntun, ẹ̀yin á máa wá owó tí kò sọnù.

Ó yá, ibi tó dùn jù nìyí. Láti 2011 tí NIBSS, ilé iṣẹ́ tó ń so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, ti gbé NIP jáde, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí owó kúrò ní báǹkì kan kó dé òmíì lójú ẹsẹ̀, gbogbo tíránsífà tó bá gba ibẹ̀ kọjá ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, session ID ni wọ́n ń pè é, 30 ni dígíìtì ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nọ́ńbà lásán ni. Ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan:

000015251107154233004718263950

Ẹ gé e sí mẹ́ta. Mẹ́fà àkọ́kọ́, 000015, ni ibi tí owó ti wá, Zenith nìyẹn. GTBank jẹ́ 000013, Access jẹ́ 000014, First Bank jẹ́ 000016, OPay jẹ́ 100004, Moniepoint jẹ́ 090405. Ẹ̀yin náà lè kó tiyín jọ látinú àwọn owó tẹ́ ẹ ti mọ olówó ẹ̀, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa mọ̀ wọ́n lórí. Méjìlá tó tẹ̀ lé e, 251107154233, ni ọjọ́ àti aago: ọdún 2025, oṣù 11, ọjọ́ 7, aago 15, ìṣẹ́jú 42, ìṣẹ́jú àáyá 33. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ nìyẹn, aago mẹ́ta ààbọ̀ kọjá díẹ̀. Méjìlá ìkẹyìn ni tiẹ̀ nìkan, òun ló yà á sọ́tọ̀ láàárín gbogbo èyí tó kúrò ní báǹkì yẹn ní ìṣẹ́jú kan náà. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá ní òun fi owó ránṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè láti GTBank, tí session ID tó mú wá sì ń sọ pé OPay ni, alẹ́ Wẹ́sìdeè, ẹ ti mọ̀ pé ìtàn yẹn ní láti yí padà.

Kìkì pé tíránsífà láàárín báǹkì kan náà kì í gba NIP kọjá, torí náà ẹ má wá session ID níbẹ̀, nọ́ńbà reference tí báǹkì fúnra ẹ̀ kọ lẹ máa lò.

Ohun kan tó ti ṣe mí ní jàǹbá rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn: tẹ́ ẹ bá da session ID sínú Excel bẹ́ẹ̀, Excel á kà á sí iye, á yí i sí 1.5E+25 tàbí nǹkan tó jọ ọ́, àwọn òdo iwájú á lọ, ohun tó bá sì ti kọjá dígíìtì 15 á di òdo gbogbo. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ dá a padà. Kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo òpó yẹn di Text. Nọ́ńbà àkáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo náà, bákan náà ni. Mo fi odindi Sọ́ńdè kan ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, alẹ́ ni mo tó rí i pé gbogbo session ID mi ti parí sí òdo, mo kàn pa kọ̀ǹpútà dé ni, mo lọ sùn.

Bí mo ṣe ń mú ìwé bá statement mu kò le. Mo máa ń fi ìwé títà wa sápá kan, statement sápá kejì. Mo kọ́kọ́ ń mú àwọn iye tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, bíi 47,350, torí kò sí ẹlòmíì tó san irú ẹ̀, màá tíìkì ẹ̀ níbí, màá tíìkì ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìyẹn nìkan á ti gbé ju ìdajì lọ kúrò ńlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá wo àwọn iye tó jọra, 50,000, 85,000, 100,000, àwọn yẹn ni mo ń fi ọjọ́ àti aago yà sọ́tọ̀, tó bá ṣì lọ́jú pọ̀ mo pe session ID wá. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ìlà àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé o, ó máa sú yín kẹ́ ẹ tó dé àárín, ẹ sì máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í fojú díwọ̀n.

Tí àròpọ̀ méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ wo iye tí wọ́n fi yàtọ̀ síra kẹ́ ẹ tó máa wá kiri. Tí 9 bá pín in láì ṣẹ́ kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé dígíìtì méjì fún ara wọn. Ẹ kọ 45,000, owó sì jẹ́ 54,000, wọ́n fi 9,000 yàtọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ìyàtọ̀ yẹn gan-an wà lórí statement bí ìlà kan, ẹ ti gbàgbé láti kọ ọ́ nìyẹn.

Owó kéékèèké tí báǹkì ń yọ ló máa ń kó èèyàn láyà jẹ jù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ wọ́n lójú, ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì míì, tí kò kọjá 5,000, 10 náírà ni, láti ibẹ̀ dé 50,000 jẹ́ 25, ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 50, VAT, ìyẹn owó orí ọjà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún wà lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí 10.75, 26.88 àti 53.75. Tẹ́ ẹ bá rí 53.75 lórí statement tẹ́ ẹ ò sì rí owó ńlá kan tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ dúró wá a, ó wà níbì kan. Owó tẹ́ẹ̀sì alẹ́ẹ̀tì, 4 náírà tẹ́lẹ̀, ó di 6 náírà ní May 2025, wọ́n sì máa ń kó o jọ yọ lẹ́ẹ̀kan ni.

50 náírà ti ìjọba, ìyẹn EMTL (Electronic Money Transfer Levy), òun gbọ́dọ̀ yé yín dáadáa tẹ́ ẹ bá ń tú statement àtijọ́ wò. Finance Act ọdún 2020 ló bí i, gbogbo owó tó bá wọlé tó tó 10,000, wọ́n á yọ 50 lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Àwọn OPay àti Moniepoint ò yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, December 1, 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ẹnì kan ń jí yín ní 50 láti ọjọ́ yẹn. Láti January 2026 tí òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti kúrò lọ́rùn ẹni tó gbowó, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ń san án, stamp duty sì ni wọ́n ń pè é báyìí. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ má kọ 84,950 síwájú orúkọ kọ́sítọ́mà tó san 85,000. 85,000 ló san. 50 tí wọ́n yọ lọ́wọ́ yín nígbà EMTL, ìnáwó tiyín ni, ojú ẹ̀ ọ̀tọ̀.

Ká ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn January 2026, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 412,300, owó ọjà tó wọlé jẹ́ 1,286,500, ẹ sì san 1,050,000 fún àwọn tẹ́ ẹ ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀kan kọ̀ọ̀kan ju 50,000 lọ. Ìwé yín á ní ó ku 648,800. Báǹkì ní 648,385. Ẹ má pariwo olè. 53.75 owó tíránsífà lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 215, 50 stamp duty lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 200, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 415 gééré. Ó ti bára mu.

POS ṣọ́ọ̀bù ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ á yọ tiẹ̀ kúrò kó tó dà á sínú àkáǹtì yín, àwọn kan tiẹ̀ ń kó ti ọjọ́ kan pọ̀ sójú kan, torí náà àròpọ̀ rìsíìtì POS ọjọ́ yẹn lẹ máa fi wé e, ẹ ò ní rí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku àwọn tó ń san lẹ́ẹ̀mejì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ó tẹ̀ ẹ́, kò rí nǹkan kan, ó tún un tẹ̀. Ẹ rántí February 2023 tí owó tuntun ò sí níta tí gbogbo ayé sá lọ sórí tíránsífà, owó á kúrò lọ́wọ́ oníbàárà kò ní dé ọ̀dọ̀ yín, nígbà míì ó di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, oníbàárà á ti jókòó tì yín. Ohun tí mo fi ń dájọ́ ni pé tí session ID méjì bá yàtọ̀ síra, owó méjì ni, kódà kí iye àti orúkọ jẹ́ ọ̀kan náà. Tí session ID bá jẹ́ ọ̀kan náà, owó kan ni, ì báà jẹ́ ọkọ fi rìsíìtì ránṣẹ́ láàárọ̀ kí ìyàwó tún fi í ránṣẹ́ lálẹ́, ìyẹn sì ti ṣẹlẹ̀ sí wa, mi ò ní sọ bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni. Owó tó bá wọlé tí báǹkì tún dá padà, ẹ má pa ìkankan rẹ́ nínú ìwé, ẹ kọ méjèèjì, ẹ fi ìlà so wọ́n pọ̀.

Èyí tí ẹ ò bá wá mọ olówó ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi ṣe ti ẹnikẹ́ni. Mo ní ojú ewé kan tí mo pè ní owó aláìlólúwa, ibẹ̀ ló ń lọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti session ID ẹ̀, kò sí lára èrè, a kì í sì í ná an. Tí ẹnì kan bá pè yín pé òun ṣèèṣì fi owó sọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ dá a padà sí àkáǹtì kan tó yàtọ̀ sí èyí tó ti wá, ẹ sọ fún un kó lọ bá báǹkì tiẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹkún mú yín. Ẹ dá a padà tán, báǹkì á tún wá gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ti san án lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, a kì í tiẹ̀ jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, narration tí àwọn èèyàn ń kọ ni "owó oṣù", "ẹ ṣé o", ẹnì kan kọ "ẹja". Mo wá ní kí kálukú fi nọ́ńbà ẹgbẹ́ ẹ̀ sí ìparí owó. Ẹni tó jẹ́ nọ́ńbà 17 tó fẹ́ san 20,000, á san 20,017. Náírà 17 yẹn, owó ẹ̀ náà ni, ó wà nínú ìfowópamọ́ ẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ nọ́ńbà 60 bínú, wọ́n ní kí ló dé tí àwọn á fi máa san ju nọ́ńbà 3 lọ, ó gba ìpàdé kan gbáko kó tó yé wọn. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ tó máa ń gbà mí ní ọjọ́ méjì tẹ́lẹ̀, ká tó jẹ oúnjẹ alẹ́ mo ti parí ẹ̀. Fún ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí kọ́sítọ́mà kọ nọ́ńbà rìsíìtì tẹ́ ẹ fún un sínú narration. Ìdajì ò ní kọ ọ́, àmọ́ ìdajì tó bá kọ ọ́, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ tiwọn nìyẹn.

Alhaji wa ńkọ́. A fún un ní àga, mo ní kó pe dírẹ́bà ẹ̀. Dírẹ́bà ní lóòótọ́ ni Alhaji kó owó fún òun ní Túsìdeè, àmọ́ ó ti ṣú, Wẹ́sìdeè lòun tó ráyè lọ bá oní POS, rìsíìtì ẹ̀ ṣì wà nínú mọ́tò. Ó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Session ID tó wà lórí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100004251105, OPay, Wẹ́sìdeè ọjọ́ 5. Mo wo nọ́ńbà gbọọrọ tó wà lórí ìlà ìkẹta yẹn, èyí tí kò ní orúkọ rárá, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú ìka, gbogbo ẹ̀ bára mu. Àwọn ọmọ gbé rọ́ọ̀dù ẹ̀ sínú mọ́tò kó tó di Mọ̀gàrìbì. Ti Musa, a rí olówó ẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ti ilé iṣẹ́ tá ò mọ̀ yẹn ṣì wà lójú ewé owó aláìlólúwa títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, 85,000, kò tíì sẹ́ni tó wá bèèrè ẹ̀.